Iná Jó Ọmọ Lọ́wọ́: Egbò Lè Jinná Kí Ọwọ́ Má Ṣí

Láti ìgbà tí gáàsì ti wọ́n, tí kílò kan ti kọjá 1,000 náírà, ẹ rìn yí Akúrẹ́ ká nírọ̀lẹ́ kẹ́ẹ wò ó, láti Òkè-Àró dé Ìsìnkàn, láti Ìjọ́kà dé Ọbà-Ilé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń dáná báyìí. Àwọn kan ti padà sídìí èédú, àwọn kan ń lọ bu lẹ́búlẹ́bú igi ní sọ̀míìlì tí wọ́n ń kì í sínú agolo, àwọn mí-ìn tún gbé sítóòfù kẹrosíìnì tí wọ́n ti gbàgbé sórí àjà sọ̀ kalẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí o, èmi náà ń fi èédú dáná. Àmọ́ àwọn àgbà ló ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè, ìdáná wa ò sì sí lórí pẹpẹ mọ́, ilẹ̀ ló wà, ibi tọ́wọ́ ọmọ ọdún kan dé gan-an ló wà.

Ọmọ àbúrò mi ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọmọ ọdún kan àti oṣù márùn-ún ni nígbà yẹn. Ìyá ẹ̀ se ìrẹsì tán, ó gbọn eérú àti ẹyinná tó ṣẹ́kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lẹ́yìnkùlé, ó wọlé lọ bu oúnjẹ, kó tó jáde ọmọ ti ki àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún bọ inú eérú. A máa ń sọ pé iná kú, ó feérú bojú, eérú tó bojú yẹn ni ká ṣọ́ra fún, torí òkè ẹ̀ á funfun, á tutù lójú, inú ẹ̀ á ṣì máa jó fún wákàtí mélòó kan. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì, tó bá fọwọ́ kan nǹkan gbígbóná, kì í tètè fà á kúrò bíi tàgbà, nígbà mí-ìn ńṣe ló máa di nǹkan ọ̀hún mú, awọ ọwọ́ ẹ̀ ò sì nípọn tó tiwa, ìdí nìyẹn tí iná kékeré fi ń jó o wọnú. Wọ́n máa ń ní bí iná bá jó ni tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n, àbúrò mi ò rántí tiẹ̀ rárá, ìgbà tílẹ̀ ṣú ló tó rí i pé ìka òun náà ti lé ròrò níbi tó ti ń fa ọmọ jáde.

Ẹ gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. Gbogbo ilé sáré jáde, oníkálukú pẹ̀lú nǹkan tó mọ̀. Ẹnì kan fọ́ ẹyin tútù lé e, ẹnì kan fọ́n Makilíìnì tí wọ́n fi ń fọ eyín sí i, ìyá àgbà kan mú àdín wá, wọ́n fi gbogbo ẹ̀ ra á, wọ́n wá fi aṣọ dì í gírígírí. Ní ọjọ́ kejì, ẹni tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì tú kápúsù méjì, ó da ìyẹ̀fun inú ẹ̀ sójú egbò. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ṣe é, mo mọ̀. Kò sẹ́ni tó bu omi. Ọ̀rọ̀ omi yìí sì ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo máa kọ síbí, ẹ jọ̀ọ́ tẹ́ ò bá ka ibòmíì, ẹ ka ibẹ̀.

Tí iná, omi gbígbóná, ògì, epo gbígbóná tàbí áyọ̀ọ̀nù bá jó ọmọ lọ́wọ́, ẹ gbé ọwọ́ yẹn sábẹ́ omi tútù tó ń ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú. Ogún ìṣẹ́jú gidi, tẹ́ ẹ máa fi fóònù ká, torí tọ́mọ bá ń ké, ìṣẹ́jú mẹ́ta máa dà bí wákàtí kan létí yín. Tí iná NEPA ò bá sí, tí bóòhù ò fa omi, ẹ bu omi kàǹga tàbí omi inú dúrọ́ọ̀mù, kẹ́ẹ máa fi ife dà á sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ ṣáà jẹ́ kó máa ṣàn lórí ẹ̀. Iná tó ti kúrò lójú ṣì wà nínú ẹran ara, ó ṣì ń jó o lọ sísàlẹ̀, omi yẹn ló ń fà á jáde, òun ló ń dín ìrora kù, òun náà ló lè mú kí egbò tó máa jinlẹ̀ má jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó dáa jù kẹ́ẹ ṣe é lójú ẹsẹ̀, àmọ́ tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ láti bíi wákàtí kan tàbí méjì, ó ṣì wúlò, títí dé wákàtí mẹ́ta. Ẹ má lo yìnyín tàbí omi dídì inú fíríìjì o, ìyẹn tún máa ń ba awọ jẹ́. Ọwọ́ nìkan sì ni kẹ́ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi aṣọ bo ìyókù ara ọmọ, pàápàá nígbà ọyẹ́, òtútù tètè máa ń mú ọmọ kékeré.

Bí omi ṣe ń lọ lọ́wọ́, ẹ bọ́ ẹ̀gbà, òrùka, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́, gbogbo ẹ̀, torí ọwọ́ máa wú, tó bá ti wú tán ẹ ò ní lè bọ́ ọ mọ́, nǹkan yẹn á wá fún ìka pa. Aṣọ tó bá ti lẹ̀ mọ́ egbò, ẹ má fà á ya, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yíká. Tó bá jẹ́ ògì ló dà lé e, ẹ jẹ́ kí omi ṣan gbogbo ẹ̀ kúrò dáadáa, ògì burú ju omi gbígbóná lọ, ó máa ń lẹ̀ mọ́ awọ pẹ̀lú ooru ẹ̀.

Tí ogún ìṣẹ́jú bá pé, ẹ wá náílọ́ọ̀nù tuntun tó mọ́, irú èyí tó mọ́ gaara tí wọ́n fi ń pọ́n nǹkan jíjẹ, ẹ ki ọwọ́ ọmọ bọ̀ ọ́ tàbí kẹ́ẹ rọra tẹ́ ẹ lé e lórí, ẹ má so ó le. Náílọ́ọ̀nù kì í lẹ̀ mọ́ ojú egbò, afẹ́fẹ́ ò ní máa fẹ́ sí i tó fi máa ta á, dókítà á sì lè ríbẹ̀ gba ara ẹ̀ láìṣí i. Owú ìtì-ìtì yẹn ńkọ́? Rárá o, gbogbo fọ́nrán ẹ̀ ló máa há sínú egbò. Ìléròrò tó bá yọ, ẹ má tú u nílé. Ẹ fún un ní parasítámọ́ọ̀lù olómi, ìwọ̀n ẹ̀ wà lára páálí, bí ọmọ bá ṣe wúwo tó lẹ máa fi mọ̀ ọ́n, ẹ má sì fún ọmọdé ní asipirín-ìn láé.

Ẹyin tútù lè ní kòkòrò àìsàn nínú. Makilíìnì àti àdín àti epo pupa àti òrí, wọ́n máa ń bo ooru mọ́nú ni, dókítà á tún ní láti ha gbogbo ẹ̀ kúrò kó tó lè rí bí egbò ṣe jinlẹ̀ tó, ọmọ á tún jẹ̀rora kejì. GV, oògùn olómi aláwọ̀ elése àlùkò yẹn, máa pa àwọ̀ egbò dà, ẹnikẹ́ni ò ní mọ ibi tó ti jó dénú mọ́. Ẹni tó bá sọ pé òun lo ẹyin ó sì sàn, mo gbà, iná orí awọ lásán ló jó o, ìyẹn á sàn lọ́sẹ̀ kan náà tí wọn ò bá tiẹ̀ fi nǹkan kan sí i.

Ojú iná ò jọra. Èyí tó jó orí awọ nìkan á pọ́n díẹ̀ (lára dúdú bíi tiwa, pípọ́n yẹn lè má hàn dáadáa, ẹ fọwọ́ kàn án, á gbóná, á máa dùn ún), kì í lé ròrò. Èyí tó wọlé díẹ̀ á lé ròrò, abẹ́ ẹ̀ á tutù rin, á pupa, á dun ọmọ gan-an, àmọ́ tí wọ́n bá tọ́jú ẹ̀ dáadáa á jinná ní bí ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tó kọjá ìyẹn, ojú ẹ̀ á funfun tàbí kó rí tótòtó, á gbẹ, èyí tó burú jù á dà bí awọ bàtà, ó tiẹ̀ lè dúdú, ẹ ó fọwọ́ kàn án ọmọ ò ní ké. Ohun tó tan àwa jẹ nìyẹn. Ọmọ wa dákẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sùn, a ní a dúpẹ́, ó ti rọ̀ ọ́. A ò mọ̀ pé iná ti jó iṣan tó fi ń mọ ìrora lápá kan àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ni.

Torí náà, iná ọwọ́ ọmọdé, ọsibítù ni, bó ti wù kó kéré tó. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ara ni, kó rí bíi kọ́bọ̀, a lè máa wò ó nílé, àmọ́ ọwọ́ kún fún oríkèé, ibi kékeré ni gbogbo iṣan kó jọ sí, kò sáyè àṣìṣe níbẹ̀. Tí iná bá wá jó ìka tàbí ọrùn ọwọ́ yípo, ẹ sáré, torí tó bá wú, awọ tó ti jó yẹn ò ní lè fẹ̀, á dà bí okùn tí wọ́n so mọ́ ọn, tẹ́ ẹ bá rí i tí orí ìka ń tutù tó ń funfun, ìṣẹ́jú ló kù, kì í ṣe ọjọ́. Iná mànàmáná náà bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ki ìka bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ojú egbò ẹ̀ lè má ju orí abẹ́rẹ́ lọ kó sì ti jó gbogbo inú, ó tún lè kan ọkàn ẹ̀. Ẹ pa iná ná kẹ́ẹ tó fọwọ́ kan ọmọ.

Ní ìpínlẹ̀ Òǹdó wa, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn UNIMED (ti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ìpínlẹ̀ wa) wà l'Ákúrẹ́ àti l'Óǹdó, FMC, ọsibítù ìjọba àpapọ̀, wà l'Ọ́wọ̀, tí ọ̀rọ̀ bá ga jù wọ́n lè kọ̀wé fún yín lọ sí ọsibítù UCH n'Íbàdàn tàbí ọsibítù eegun Igbobi l'Ékòó, níbi tí àwọn dókítà tó ń tún awọ ṣe wà. Ẹ mú káàdì àjẹsára ọmọ dání, wọ́n máa béèrè bóyá ó ti gba ti àrùn ipá (tẹ́tánọ́ọ̀sì), ìyẹn wà nínú abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá. Ẹ tún mọ èyí: òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2014, abala 20, sọ pé ilé ìwòsàn kankan ò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí ò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì, ló wà fún un. Mo mọ̀ pé wọ́n ṣì máa sọ pé kẹ́ẹ lọ sanwó fáìlì ná. Àmọ́ ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín, ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, ẹ má kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin la tó gbé ọmọ wa dé ọsibítù, ara ẹ̀ ti ń gbóná, egbò ti ń rùn. Dókítà obìnrin tó rí i ò tiẹ̀ pariwo mọ́ wa, ó kàn mí kanlẹ̀. Ó fi yé wa pé nínú gbogbo ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn iná, èyí tóun máa ń bẹ̀rù jù lára ọmọ kékeré ni pé kí ara ẹ̀ gbóná, kó máa bì, kó máa yàgbẹ́ gbuuru, kí nǹkan sú sí i lára, kó wá rọ jọwọrọ, torí oró kòkòrò inú egbò lè wọnú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kó pa á, bí egbò náà ò tiẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Tẹ́ ẹ bá rí ìyẹn láàárín ọjọ́ mélòó kan tí iná jó ọmọ, òru ni o, ọ̀sán ni o, ẹ gbé e lọ.

Ìgbà yẹn la wá mọ ohun tí wíwẹ egbò ọwọ́ túmọ̀ sí. Ìka kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á ki gọ́ọ̀sì sáàárín ìka kan sí èkejì, torí tẹ́ ẹ bá di gbogbo ìka pọ̀ bíi mọ́ínmọ́ín, wọ́n á jinná mọ́ra wọn, ọmọ á wá ní ìka tó lẹ̀ pọ̀ bíi ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ gbé ọwọ́ ọmọ sókè ju àyà ẹ̀ lọ, ẹ fi ìrọ̀rí tì í, kó má wú jù. Parasítámọ́ọ̀lù á ti wọlé ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí nọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́. Wọ́n kì í sì í sáré gbé ọmọ tí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ jó lọ sí tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, torí awọ àtẹ́lẹwọ́ ò ní ìkejì níbì kankan lára àfi àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n sábà máa ń fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí wọ́n wo ohun tó máa fúnra ẹ̀ ṣe. Oúnjẹ náà o, ẹ̀wà, ẹyin sísè, ẹja, edé, ẹ fún un, ohun tí ara fi ń hun awọ tuntun nìyẹn. Àwọn kan ní ká má fún un lẹ́ran kí egbò má baà gba ọyún, a ò gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni egbò tó pa ojú dé. A jó, a yọ̀, àbúrò mi ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò padà sọ́sibítù mọ́, owó ọkọ̀ náà ti tán, kò sì sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un débi tó fi máa yé e pé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ nìyẹn. Egbò iná tó bá jinná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àpá ẹ̀ kì í pọ̀. Èyí tó bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, àpá ẹ̀ máa ń nípọn, ó máa ń le, ó sì máa ń sún kì. Ojoojúmọ́ ló ń sún kì, díẹ̀díẹ̀, fún oṣù méjìlá sí méjìdínlógún, ó lè tó ọdún méjì kó tó rọ̀. Tó bá wà ní ẹ̀yìn ara, kò sóhun tó fi í ṣe, àmọ́ tó bá wà ní àtẹ́lẹwọ́ ọmọ, ó máa ń fa ìka wálẹ̀ ni. Ní oṣù kẹrin, ọmọńdinrín ẹ̀ àti ìka tó tẹ̀ lé e ti ká kò, wọ́n ti tẹ̀ wọnú àtẹ́lẹwọ́, ẹ ò lè tú u. Ọmọ ò sì fi hàn pé nǹkan kan ń ṣe òun, ìka mẹ́ta tó kù ló fi ń mú bisikíìtì, ìyẹn ló jẹ́ ká pẹ́ kí a tó rí i.

Ohun tó yẹ ká ti ṣe rè é. Sípílíǹtì, ìyẹn pátákó kékeré tí wọ́n mọ bí ọwọ́ ọmọ ṣe rí, òun ló yẹ kó máa fi sùn látìgbà tí egbò ò tíì jinná pàápàá. Tó bá jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ló jó, wọ́n á tẹ́ ìka sílẹ̀ gbalaja, wọ́n á ya wọ́n sọ́tọ̀, bíi ọmọ tó ń juwọ́ sí bàbá ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ọwọ́, ó yàtọ̀, wọ́n á tẹ oríkèé ìdí ìka síwájú, kí ìka fúnra wọn nà gbọọrọ, bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ má fúnra yín ṣe é pẹ̀lú páálí, àwọn físíò, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ oríkèé àti ẹran ara láti ṣiṣẹ́ padà, ló mọ̀ ọ́n. Lójúmọmọ, wọ́n á yọ ọ́ kí ọmọ ṣeré, eré yẹn gan-an ni ìtọ́jú: kó máa tẹ ìyẹ̀fun tẹ́ ẹ pò, kó máa fún kànrìnkàn nínú omi, kó máa pàtẹ́wọ́, kó máa ṣa ẹ̀wà sínú abọ́ (kẹ́ẹ jókòó tì í, kó má baà jù ú sẹ́nu). Tí awọ bá ti pa ojú dé dáadáa, ẹ máa fi Fasilíìnì tàbí òrí ra á, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ yípo yípo, ní ẹ̀mẹta ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Òrí tí mo ní kẹ́ẹ má fi sí i lọ́jọ́ kìíní, ìgbà yìí gan-an ni àkókò ẹ̀. Á máa yún ọmọ, ẹ gé èékánná ẹ̀. Oòrùn ò dáa fún awọ tuntun, ẹ bò ó. Àwọ̀ ẹ̀ á funfun ná, lára ọ̀pọ̀ ọmọ á máa padà dúdú bí oṣù ṣe ń lọ, ẹ má ra ìpara tí wọ́n fi ń bó awọ sí i.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fò. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń béèrè lọ́wọ́ ìyá pé báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀, wọ́n á béèrè lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má bínú sí wọn. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n gbé wá tí iná jó ọwọ́ wọn méjèèjì dọ́gba, pẹ̀lú ìlà tó mọ́ régé ní ọrùn ọwọ́ bí ẹni wọ ìbọ̀wọ́, irú ìyẹn kì í sábà ṣèèṣì, àgbàlagbà kan ló ki ọwọ́ ọmọ bọ omi gbígbóná, wọ́n ní ó jí ẹran nínú ìkòkò. Ẹran kan. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 ò gbà á, ìpínlẹ̀ Òǹdó náà ti fi ṣe òfin tiẹ̀, ẹni tó bá rí i ládùúgbò kó má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ilé onílé ni. Ọmọ tí wọ́n kó wá láti abúlé, tí ìyá ẹ̀ ò sí nítòsí, ta ló máa bá a sọ ọ́?

Nínú ilé ńkọ́? Ẹ bu omi tútù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ìwẹ̀ ọmọ kẹ́ẹ tó da èyí tó gbóná lé e, kì í ṣe kẹ́ẹ kọ́kọ́ bu gbígbóná kẹ́ẹ wá lọ pọn tútù wá. Omi tó gbóná tó 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius lè jó ọmọdé dénú láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tíì tẹ́ ẹ pò tẹ́ ẹ gbé kalẹ̀ ṣì lè jó o lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Eérú, ẹ bu omi sí i títí á fi dákẹ́ híhó, kẹ́ẹ tó kúrò nídìí ẹ̀. Áyọ̀ọ̀nù tẹ́ ẹ lò tán kí NEPA tó mú iná lọ, ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pé kó tutù. Ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀, ibi tí èéfín ń gbà jáde, ẹ fi búlọ́ọ̀kù yí i ká.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ wa nígbà tó pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta. Wọ́n gé àpá yẹn kí ìka lè nà, wọ́n gé awọ díẹ̀ lábẹ́ ikùn ẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Ìgbà yẹn ni físíò kan sọ fún ìyá ẹ̀ pé àpá kì í dàgbà bí ọmọ ṣe ń dàgbà, egungun á máa gùn, àpá á dúró síbi tó wà, torí náà ó lè tún fa ìka wálẹ̀ nígbà tọ́mọ bá pé márùn-ún tàbí mẹ́wàá, kí wọ́n máa mú un wá. Àbúrò mi wá ra ìwé ẹ̀sáásì kan. Ní ọjọ́ Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù, kí wọ́n tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì, á tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ọmọ sórí ìwé, á fi bírò fa ìlà yí ìka ẹ̀ ká, á tún tẹ́ ti òsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á kọ déètì sí i. Tí ọmọńdinrín ò bá dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ lórí ìwé, ọjọ́ Monday ni wọ́n máa wọ mọ́tò. Ojú ìwé mẹ́rìnlá ló ti lò báyìí, èyí tó fi hàn mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìka márààrún ló nà, ọmọ fúnra ẹ̀ ló di bírò mú tó fa ìlà ti òsì, ó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ló fi fà á.